A kì í fá orí lẹ́yìn olórí: kí ló ń pa kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn wa?

Ẹ dé ọ́fíìsì káàdì ilé ìwòsàn ìjọba kan láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ ó rí ohun tí mò ń sọ. Àwọn èèyàn ti tò kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Akọ̀wé ń tú fáìlì lórí pẹpẹ tí eruku ti bò, ó ń pe orúkọ, ó ń pe nọ́ńbà. Bí kò bá rí fáìlì yín, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa sọ: "Ẹ lọ ra káàdì tuntun."

Owó káàdì kọ́ ni ìṣòro. Ohun tó wà nínú èyí tó sọnù ni. Oògùn tí ara yín ò gbà wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí yín lára lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn wà níbẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe ń ru látìgbà oyún àkọ́kọ́, bóyá AS ni yín àbí SS, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀. Dókítà tuntun á bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo, a ó sì máa retí pé aláìsàn tí ibà ń gbọ̀n jìnnìjìnnì ló máa rántí ohun tí ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ gbàgbé.

Ìdáhùn tí ìjọba ń fún wa ni kọ̀ǹpútà. Ní 2024, ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀, lábẹ́ Mínísítà Muhammad Ali Pate, gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Nigeria Digital in Health Initiative. Ohun tí wọ́n ń lé ni pé kí àkọsílẹ̀ ìlera wa kúrò lórí ìwé, kí ilé ìwòsàn kan sì lè rí ohun tí òmíràn ti kọ. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ò gbẹ́yìn, wọ́n ń gbé tiwọn jáde.

Ìyẹn dáa. Ìbéèrè tèmi ni pé, kí ló dé tí ọ̀pọ̀ irú ètò báyìí fi ń kú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya fọ́tò ìfilọ́lẹ̀ tán? Kọ̀ǹpútà á wà lórí tábìlì, wọ́n á ti fi aṣọ bò ó, akọ̀wé á sì ti padà sídìí fáìlì. Àwọn kan á ní owó ni. Àwọn kan á ní iná ni. Àwọn mìíràn á ní òṣìṣẹ́ ìjọba wa ló ya ọ̀lẹ. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú gbogbo ẹ̀, àmọ́ èmi rò pé gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà níbòmíràn. Wọ́n ń ṣe ẹ̀rọ náà fún ẹni tó máa ka ìròyìn l'Ábújà, wọn ò ṣe é fún ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, àmọ́ ohun tí à ń ṣe gan-an nìyẹn.

Ìtàn méjì wà nílẹ̀ tó fi hàn pé a mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ti Ilé-Ifẹ̀ wá. Èkejì, àjàkálẹ̀ àrùn ló bí i.

Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti 1989

Àwọn kan rò pé fóònù Android ló gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà wọ ilé ìwòsàn Nàìjíríà. Rárá o. Ní 1989, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ò tíì dáyé, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ n'Ílé-Ifẹ̀ pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú Yunifásítì Kuopio ní orílẹ̀-èdè Finland láti wo bí kọ̀ǹpútà ṣe lè ran àkọsílẹ̀ aláìsàn lọ́wọ́. Nígbà yẹn, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà. Kọ̀ǹpútà gan-an ṣọ̀wọ́n bí ojú.

Software tí ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ajagunfẹ̀yìntì ní Amẹ́ríkà ń lò ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀. Owó ìlú ni ìjọba Amẹ́ríkà fi kọ ọ́, nítorí náà ẹnikẹ́ni lè mú un lò láìsan kọ́bọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ṣòro ó yé: ta ló wọlé, ta ni wọ́n dá dúró sí wọ́ọ̀dù, ta ni wọ́n gbé lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn, ta ló ti lọ sílé. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ajagunfẹ̀yìntì Amẹ́ríkà kì í ṣe ilé ìwòsàn Ifẹ̀, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún un ṣe kó bá iṣẹ́ ibi tó wà mu. Nígbà tó yá, wọ́n kọ tuntun tó jẹ́ tiwọn, MINPHIS ni wọ́n pè é. "Made in Nigeria" ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà. Ó sì kúrò n'Ífẹ̀ lọ sí àwọn ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ mìíràn.

Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn yìí ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Àwọn olùwádìí bíi Mikko Korpela láti Finland àti Abimbola Soriyan láti Ifẹ̀ tẹnu mọ́ ọn nínú ìwé tí wọ́n kọ pé ìdí iṣẹ́ ni kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀, kó tó kan ẹ̀rọ. Ta ló ń ṣe kí ni? Ta ló ń fún ta ni ní ìwé? Kí ni wọ́n jọ ń lé? Bí ẹ bá mọ ìyẹn tán, ẹ óò mọ ibi tí kọ̀ǹpútà ti máa wúlò àti ibi tó kàn máa di ẹrù lé àwọn èèyàn lórí.

Ebola kọ́ wa ní tiẹ̀

Ní 20 July 2014, Patrick Sawyer gúnlẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Èkó pẹ̀lú àrùn Ebola lára. Gbogbo wa la mọ ohun tí Dókítà Ameyo Adadevoh àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ṣe. Wọn ò jẹ́ kí ọkùnrin náà jáde, dókítà náà sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Èèyàn 20 ló kó o ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn kú. Ní 20 October ọdún yẹn, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé a ti bọ́.

Apá tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ nínú ìtàn náà ni ti àwọn tó ń wá àwọn èèyàn kiri. Èèyàn 894 ló ti súnmọ́ aláìsàn kan tàbí òmíràn. Ó di dandan kí wọ́n máa ṣọ́ wọn fún ọjọ́ 21, kí wọ́n máa yẹ ara wọn wò lójoojúmọ́ bóyá ó ń gbóná. Ìbẹ̀wò ojúkojú tí wọ́n ṣe tó nǹkan bí 18,500. Ẹ fojú inú wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí ìwé. Fọ́ọ̀mù tí òjò pa, orúkọ tí ẹnì kan kọ tí ẹlòmíì ò lè kà, ẹni tí wọ́n rò pé ẹlòmíì ti lọ wò.

Inú wàhálà yẹn ni SORMAS ti jáde. Ilé iṣẹ́ ìwádìí Helmholtz ti Jámánì, tó wà ní ìlú Braunschweig, àti àwọn onímọ̀ àjàkálẹ̀ àrùn Nàìjíríà ló jọ ṣe é. Wọ́n jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́ tó lọ sí pápá, wọ́n bi wọ́n léèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíì. Ìdí nìyẹn tí ojú ẹ̀rọ náà kò fi rí bákan náà fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó ń ṣọ́ àwọn tó súnmọ́ aláìsàn á rí iṣẹ́ tiẹ̀ lórí fóònù. Ẹni tó wà ní yàrá àyẹ̀wò á rí tiẹ̀. Ọ̀gá tó ń bojú tó wọn náà á rí tiẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, wọ́n á máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá dé, ẹ̀rọ á fi ohun tó ti kó jọ ránṣẹ́.

Wọ́n dán an wò ní ìpínlẹ̀ Kano àti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 2015. Nígbà tí àrùn monkeypox, tí wọ́n ti sọ di mpox báyìí, tún yọjú ní 2017, òun ni àjọ NCDC lò. Wọ́n ń fi apá tuntun kún un bí àrùn tuntun ṣe ń dé. Ohun tó mú un dúró ni pé òṣìṣẹ́ tó ń tẹ nǹkan sínú rẹ̀ ń rí nǹkan gbà padà: ta ni kí n lọ wò lónìí? Ṣé èsì àyẹ̀wò ti dé? Ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ń lò ó kó tó ṣiṣẹ́ fún ẹni tó wà l'Ábújà.

Ẹ̀rọ kan náà, ìtàn mìíràn

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ yìí kan náà dé Jámánì. Lọ́dún 2020, Korona ti bo ayé mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìlera ìjọba níbẹ̀ ṣì ń fi ẹ̀rọ fax ránṣẹ́ èsì àyẹ̀wò. Ẹ ò ṣì mí gbọ́: fax, ní Jámánì. Wọ́n bá ní kí wọ́n mú SORMAS tó ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà wá. Àwọn olórí ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ wọn fẹnu kò pé, nígbà tí oṣù February 2021 bá fi máa parí, gbogbo ọ́fíìsì ìlera wọn, tó tó nǹkan bí 375, gbọ́dọ̀ ní i.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ́fíìsì náà yarí. Kò sì jẹ́ pé ẹ̀rọ náà burú. Wọ́n ní àwọn ti ní ètò tiwọn tí àwọn ń lò, àti pé kì í ṣe ìgbà tí iná ń jó lọ́wọ́ lèèyàn ń pààrọ̀ garawa. Èyí tó dùn wọ́n jù ni pé ẹ̀rọ tuntun yìí ò bá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jíṣẹ́ fún ìjọba àpapọ̀ sọ̀rọ̀ dáadáa. Ohun tí wọ́n ti tẹ̀ síbí, wọ́n tún ní láti lọ tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún.

Ẹ rí i báyìí pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti Aláwọ̀ Dúdú tàbí Òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti olówó tàbí tálákà. Ẹ̀rọ tí àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà gbà nítorí pé wọ́n bá wọn ṣe é, òun náà ni àwọn òṣìṣẹ́ Jámánì kọ̀ nítorí pé wọ́n gbé e ka orí wọn láti òkè. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà jẹ irú iyán bẹ́ẹ̀. Ní 2002, ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ ètò kọ̀ǹpútà ńlá kan fún ilé ìwòsàn NHS, wọ́n ná ọ̀kẹ́ àìmọye owó sí i, ní 2011 wọ́n kéde pé àwọn ń tú u ká. Ọ̀kan lára ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé wọn ò fi ti dókítà àti nọ́ọ̀sì ṣe.

Iṣẹ́ méjì, owó oṣù kan

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ẹ wo nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kan ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ìjọba ìbílẹ̀. Ó ní ìwé ńlá fún aboyún. Ó ní òmíràn fún àjẹsára, òmíràn fún ibà, òmíràn fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, òmíràn fún HIV. Bí oṣù bá parí, á jókòó ka gbogbo ẹ̀, á kọ àròpọ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ á wá tẹ̀ ẹ́ sínú DHIS2, ìyẹn software tí Yunifásítì Oslo ní Norway ń bójú tó, tí Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn ń lò fún ìṣirò ètò ìlera. Láti ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni nọ́ńbà ń gòkè lọ l'Ábújà.

DHIS2 fúnra rẹ̀ dáa, n ò bá a jà. Ohun tí mò ń bi yín ni pé kí ló ń padà wá bá nọ́ọ̀sì yẹn? Tó bá fẹ́ mọ èwo nínú àwọn aboyún tiẹ̀ ni kò padà wá gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, ṣé àròpọ̀ tó wà l'Ábújà lè sọ fún un? Kò lè sọ. Orúkọ ti di nọ́ńbà kó tó kúrò nínú ọgbà ilé ìwòsàn.

Bí ẹ bá wá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì kan fún obìnrin yìí lórí gbogbo ìwé wọ̀nyẹn, tí ẹ sì ní kó má jáwọ́ nínú ìwé nítorí pé àwọn aṣàyẹ̀wò ṣì ń bọ̀ wá wò ó, kí lẹ ṣe fún un? Ẹ ti sọ iṣẹ́ kan di méjì fún owó oṣù kan. Èrò ń dúró dè é níta, ọmọ ń ké. Láàárín ìwé àti tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ mọ èyí tó máa sọ sílẹ̀. Ẹ ò sì lè pe ìyẹn ní ọ̀lẹ. Ìwé náà ni ọ̀gá rẹ̀ máa béèrè.

Nítorí náà, ìlànà àkọ́kọ́ fún ẹnikẹ́ni tó fẹ́ kọ software ilé ìwòsàn ni kó bi ara rẹ̀ pé: èwo ni mo máa gbà kúrò lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ yìí lọ́jọ́ tí mo bá gbé tèmi dé? Tí ìdáhùn bá jẹ́ "kò sí", kó lọ tún un rò.

Iná, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti orúkọ wa

Ìlànà kejì ni pé kéèyàn kọ́lé sórí ilẹ̀ tó wà. Ní 14 March 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, ilé ìfowópamọ́ àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù dojú rú káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Lọ́dún yẹn kan náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni iná ọba ṣubú jákèjádò orílẹ̀-èdè. Láti ìparí 2024 wọ inú 2025, UCH Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó lókìkí, wà fún ohun tó ju 100 ọjọ́ lọ tí wọn ò fún un níná nítorí gbèsè. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún UCH, báwo ló ṣe máa rí fún ilé ìwòsàn abúlé?

Software tó bá ń kú bí íntánẹ́ẹ̀tì bá kú, a ò kọ ọ́ fún ibí. Inú ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ló yẹ kí àkọsílẹ̀ kọ́kọ́ wà, lórí ẹ̀rọ kékeré tí bátìrì àti sólà lè gbé, kó tó máa lọ sókè nígbà tí ọ̀nà bá là. Ifẹ̀ ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. SORMAS ń ṣiṣẹ́ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ. A ò lè sọ pé a ò mọ̀.

Orúkọ wa náà ní wàhálà tiẹ̀. Táíwò Adébáyọ̀ mélòó ló wà n'Ìbàdàn? Kẹ́hìndé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì bá a pín ọjọ́ ìbí kan náà, ilé kan náà, nọ́ńbà fóònù ìyá wọn kan náà. Ẹ̀rọ tó bá ń fi orúkọ bàbá àti ọjọ́ ìbí dá èèyàn mọ̀ lè fún Táíwò ní oògùn Kẹ́hìndé. Obìnrin tó fi orúkọ bàbá rẹ̀ gba káàdì kó tó lọ́kọ á padà wá pẹ̀lú orúkọ ọkọ. Olúwaṣeun tòní ni Seun àná. Ìyá àgbà tó jẹ́ pé ohun tó mọ̀ ò ju pé ìgbà ogun Hitler ni wọ́n bí òun, kí ló máa kọ sí ibi ọjọ́ ìbí? Tí kọ̀ǹpútà bá sì kọ̀ pé òun ò lọ síwájú láìsí ọjọ́ ìbí, akọ̀wé á tẹ 1 January, ayé á máa lọ. Díẹ̀díẹ̀, gbogbo àgbàlagbà àdúgbò á di ọmọ ọjọ́ kan náà.

Ẹlòmíì á ní NIN ti yanjú ẹ̀. Ó máa ràn wá lọ́wọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí lánàá ò tíì ní NIN, ẹni tí wọ́n gbé dé látinú ìjàǹbá ọkọ̀ láìmọ ara rẹ̀ ò sì lè ka tiẹ̀ fún yín. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fàyè sílẹ̀ fún "a ò tíì mọ̀", kó sì fún ẹni tó ń lò ó lọ́nà tó máa fi so fáìlì méjì pọ̀ lẹ́yìn náà.

Àṣírí yín ńkọ́?

Fáìlì tó wà nínú eruku ní àǹfààní kan. Ẹni tó bá fẹ́ yọ́ ọ wò gbọ́dọ̀ wọ yàrá náà. Tó bá ti di orí kọ̀ǹpútà, ẹnì kan lè wo ti ẹgbẹ̀rún èèyàn láàárín oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ ronú ọmọbìnrin tó lọ ṣe àyẹ̀wò HIV nílé ìwòsàn tí àbúrò ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá dá a lójú pé wọn ò ní wò ó, kò ní lọ. Àìlọ yẹn lè pa á.

Òfin wà. Òfin ètò ìlera ti 2014 ní kí ilé ìwòsàn pa àṣírí aláìsàn mọ́. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gbẹgẹ́, tí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ṣùgbọ́n tí gbogbo òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù bá jọ ń lo ọ̀rọ̀ aṣínà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara kọ̀ǹpútà, ta ni òfin máa mú? Inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló yẹ kí ààbò wà. Kí akọ̀wé káàdì rí orúkọ, kó má rí èsì àyẹ̀wò. Kí ẹ̀rọ máa kọ ọ́ sílẹ̀ ta ló ṣí fáìlì ta ni, nígbà wo. Kí wíwọlé má sì ṣòro débi tí àwọn òṣìṣẹ́ á fi máa yá ara wọn ní ọ̀rọ̀ aṣínà nítorí pé aláìsàn ń kú lọ lójú wọn.

Ohun tó yẹ ká máa béèrè

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ áàpù ní Yábàá àti n'Ìbàdàn, kí ẹ tó kọ ìlà kan, ẹ lọ jókòó ní ọ́fíìsì káàdì fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má mú kọ̀ǹpútà dání. Ẹ wo ọwọ́ àwọn èèyàn.

Ẹ̀yin oníròyìn ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ ń san owó orí, nígbà tí gómìnà tàbí mínísítà bá tún gé okùn ètò tuntun, ẹ má jẹ́ ká dúró síbi iye kọ̀ǹpútà tí wọ́n rà. Ẹ bi wọ́n léèrè: nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé mélòó ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣètò rẹ̀? Ìwé wo ni wọ́n máa dáwọ́ rẹ̀ dúró? Kí ló máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí iná ò bá sí? Ṣé ó lè bá ẹ̀rọ ilé ìwòsàn mìíràn sọ̀rọ̀? Èyí tó ṣe pàtàkì jù, tí ìwé àdéhùn ilé iṣẹ́ tó kọ ọ́ bá parí, ọwọ́ ta ni àkọsílẹ̀ wa máa wà? Ilé ìwòsàn tí kò bá lè gbé àkọsílẹ̀ aláìsàn rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn ti fi àwọn aláìsàn rẹ̀ dúró nídìí gbèsè.

Òfin ìdójútòfò ìlera tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 ní dandan ni kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà wọ ètò náà. Ìyẹn ò lè ṣeé ṣe láìsí àkọsílẹ̀ tó ṣeé gbára lé. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà ń bọ̀, a fẹ́, a kọ̀. Èyí tó kù ní ọwọ́ wa ni bóyá wọ́n máa bi akọ̀wé tó wà nídìí pẹpẹ eruku yẹn léèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó rà á, àbí ìgbà tí wọ́n bá gbé e dé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́.